Ọjọ́ Kan Ṣoṣo ní Àjàṣẹ́

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti ọkọ mi ń lọ lo ìsinmi ní Kútọnu, a sì ti ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Ọkọ mi fẹ́ kí a rí ààfin, mọ́ṣáláṣí àtijọ́, oko ẹ̀kọ́ṣẹ́ Songhaï àti àwọn abúlé orí omi ní Aguégués lọ́jọ́ kan náà. Ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe?
Ìyàwó ilé kan, Kétu

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúrasílẹ̀, arábìnrin wa. Bí ẹ bá fara mọ́ ọn pé orí zémìjàn, ìyẹn ọ̀kadà, ni ẹ ó ti lo ọ̀pọ̀ jù nínú ọjọ́ náà, ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni a fi ń rí Àjàṣẹ́, nítorí náà ẹ bá baálé yín sọ ọ́ kí Aguégués di ìgbà mìíràn.

Nǹkan bíi kìlómítà 30 péré ni ó wà láàárín Kútọnu àti Àjàṣẹ́, ẹ tètè gbéra kí oòrùn tó mú. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ààfin Honmè, ilé Ọba Toffa tí ó jẹ láti 1874 di 1908, ṣí sílẹ̀ fún àlejò lọ́jọ́ náà.

Mọ́ṣáláṣí àtijọ́ nítòsí ọjà ni mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí jù. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tí wọ́n ti oko ẹrú Bràsíìlì padà wálé àti àwọn ọmọ wọn, ni wọ́n kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, bí wọ́n sì ṣe ń kọ́lé ní Bahia ní Bràsíìlì ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, tí ẹni tí ó bá rí i lókèèrè fi lè búra pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ dúró ní òdìkejì títì kí ẹ wo ilé gogoro méjì iwájú rẹ̀, ọnà tí wọ́n yọ sára ògiri, àti ọ̀dà aláràbarà tí ó ti ń ṣí. Ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gba ibẹ̀ kọjá láì gbójú sókè. Bí àkókò ìrun bá tó, ẹ fún àwọn olùjọ́sìn láyè.

Ẹ jẹun ọ̀sán ní Songhaï, oko ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí Fadá Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, kí ẹ sì rìn yí i ká. Bí ọkọ yín bá ṣì ta kú lórí Aguégués, Songhaï ni kí ẹ yọ kúrò. Kí ẹ sì ná owó ọkọ̀ ojú omi, àlọ àti àbọ̀, kí ẹ tó wọ̀ ọ́.