Ṣé Mùsùlùmí Lè Ya Àwòrán Oòrùn Tó Ń Wọ̀ Sẹ́yìn Òkè?

ÌBÉÈRÈ: Àsàláámù aláékúmù, Álífáà wa. Mo ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán yíyà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọ̀kan: òkè mẹ́ta tò tẹ̀léra, oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn wọn, ojú ọ̀run pọ́n rúsúrúsú, mo sì fi ẹyẹ méjì kéékèèké sí i. Mo fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri yàrá tí a ti ń kírun, níwájú wa gan-an. Àbúrò ọkọ mi rí i, ó ní kí n lọ dáná sun ún, pé harámù ni gbogbo àwòrán, pé ṣe ni mò ń bá Ọlọ́hun díje nínú ìṣẹ̀dá. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Wa aláékúmù sàláámù, arábìnrin wa. Ẹ má sun àwòrán yín. Òkè, oòrùn àti ìkùukùu, kò sí èyí tó ní ẹ̀mí nínú wọn, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn onímímọ̀ ló sì gbà pé Mùsùlùmí lè yà wọ́n.

Ọkùnrin kan wá bá Ibn Abbas, ọmọ arákùnrin bàbá Ànábì, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun lòun fi ń jẹun, àwòrán lòun máa ń yà. Ibn Abbas sọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fún un: ẹni tó bá ya àwòrán, Ọlọ́hun yóò máa fìyà jẹ ẹ́ títí yóò fi fẹ́ ẹ̀mí sínú rẹ̀, kò sì ní lè fẹ́ ẹ láéláé. Àyà ọkùnrin náà já, èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò, àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà. Ibn Abbas wá ní: “Bí o bá kọ̀ tí o ní àfi kí o yà, ya igi yìí, àti gbogbo ohun tí kò ní ẹ̀mí.” Bukhari, ọ̀kan nínú àwọn tó kó hádíìsì (ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì) jọ, ló gbà á wá. Ẹ wo àánú tó wà nínú èsì yẹn: ó sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe le tó, ó sì fi ọ̀nà oúnjẹ han ọkùnrin náà.

Àbúrò ọkọ yín náà kò sọ̀rọ̀ lásán o. Ọlọ́hun sọ nínú hádíìsì pé ta ló ṣàbòsí ju ẹni tó fẹ́ dá ẹ̀dá bí ẹ̀dá Òun. Kí wọ́n dá èèrà kan, tàbí hóró ọkà kan, tàbí hóró báálì kan. Nítorí hóró tí ibẹ̀ dárúkọ ni Mujahid, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ibn Abbas, fi kórìíra yíya igi eléso. Àmọ́ ọ̀rọ̀ olùkọ́ rẹ̀ ni àwọn yòókù dúró lé. Kódà, lára ògiri mọ́sáláṣí ńlá Umayyad ní Damásíkù, tí Kálífà al-Walid kọ́, tí wọ́n parí ní nǹkan bí ọdún 715, ẹ ó rí odò, igi àti ilé tí wọ́n fi díńgí wẹ́wẹ́ aláwọ̀ tò síbẹ̀, láìsí èèyàn, láìsí ẹranko. Ìṣe ọba kì í ṣe ẹ̀rí nínú ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ ohun tó yé àwọn Mùsùlùmí ìgbà yẹn, nígbà tí Hijira, ìṣílọ Ànábì sí Mẹ̀dínà, kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ẹyẹ méjì yẹn ńkọ́? Ẹyẹ ní ẹ̀mí. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fi búrọ́ọ̀ṣì fa ìlà méjì tó tẹ̀ kọdọrọ ni, láìní orí, láìní ojú, ọ̀pọ̀ onímímọ̀ kò ka irú rẹ̀ sí àwòrán abẹ̀mí, nítorí málàíkà Jibril ní kí wọ́n gé orí ère kan kó lè dà bí igi. Síbẹ̀, èmi á bẹ̀ yín pé kí ẹ ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà pupa yẹn, kí ẹ fi bò wọ́n. Òkè yín ò ní tìtorí ìyẹn bàjẹ́, ọkàn yín á sì balẹ̀.

Ibi tí ẹ fẹ́ gbé e kọ́ ni mi ò lè gbà fún yín. Aṣọ kan wà tí Aisha, aya Ànábì, fi bo ẹ̀gbẹ́ kan ilé rẹ̀, Ànábì ní kó mú un kúrò, pé àwọn àwòrán ara rẹ̀ kò yé hàn sí òun nínú ìrun. Ànábì tún kírun nínú aṣọ onílà kan, ó wo ìlà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó parí ó ní kí wọ́n dá a padà fún Abu Jahm tó fún òun. Ìlà lásán nìyẹn o! Ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ ara yín ya òkè yìí, ẹ ó wà lórí ìdúró, ojú yín á lọ síbi tí ọ̀dà kò ti dán tó, Fátíhà á di ohun tí ẹnu nìkan ń kà. Oòrùn tún ni, tí àwọn kan ń sìn, tí Ọlọ́hun sì sọ nínú Súúrà Fussilat pé ká má forí kanlẹ̀ fún un. Ìrun yín kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n mákùrúhù ni, ìyẹn ohun tí kò dára kéèyàn ṣe bí kì í tilẹ̀ ṣe èèwọ̀. Ẹ gbé e kọ́ sí ògiri ẹ̀yìn, tàbí yàrá mìíràn.

Ohun kan jẹ mí lógún ju àwòrán náà lọ. Ẹni tó ń ya oòrùn tó ń wọ̀ ní láti jókòó wò ó, ìgbà yẹn gan-an sì ni Àsárì ń lọ tí Màgàríbà ń bọ̀. Ànábì ní ìrun mùnáfíkì (alágàbàgebè) ni ti ẹni tó jókòó tó ń ṣọ́ oòrùn títí ó fi fẹ́ wọ̀, tó wá dìde sá ràkáà mẹ́rin ṣá bí ẹyẹ ṣe ń ṣá oúnjẹ. Ẹ kí Àsárì kí ẹ tó po ọ̀dà. Oòrùn tí òkè sì gbé pamọ́ kò tíì wọ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lára ṣóńṣó òkè tó kọjú sí i. Bí ẹ bá wà láàárín òkè tí ẹ sì gbààwẹ̀, ẹ yíjú sí ìlà oòrùn, kí ẹ rí òkùnkùn tó ń gòkè bọ̀ láti ibẹ̀, kí ẹ tó ṣínu. Tí Màgàríbà bá wá wọlé, ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Pípọ́n ojú ọ̀run tí ẹ ń yà yẹn ni àkókò rẹ̀. Bó bá ti parẹ́, lójú ọ̀pọ̀ onímímọ̀, àkókò ti kọjá.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.