Ìbéèrè Yín: Ǹjẹ́ Fídíò Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Lè Di Iṣẹ́?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ní fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ni òun fẹ́ fi ṣe iṣẹ́. Ìgbà wo ni èyí di iṣẹ́, kí sì ni “meme” tí ó ń sọ?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ gidi ni. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2005 ni Jawed Karim, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá YouTube sílẹ̀, gbé fídíò àkọ́kọ́ síbẹ̀: ìṣẹ́jú-àáyá 19 péré ni, ó dúró síwájú àwọn erin, ó ń sọ bí imú wọn ṣe gùn tó. Ní 2007 ni ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pín owó ìpolówó fún àwọn tí ń ṣe fídíò.

Richard Dawkins, onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè ará Britain, ni ó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà “meme” ní 1976, fún èrò tàbí àṣà tí ń ran láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Ní ti meme orí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, ẹnì kan á kọ ọ̀rọ̀ sára àwòrán, ẹlòmíràn á pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, á sì kọ tirẹ̀, títí a kò fi ní mọ ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ohun tí ó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ẹni tí ojú rẹ̀ wà nínú àwòrán náà lè má fọwọ́ sí i rárá. Nítorí náà, ẹ kọ́ ọmọ yín láti máa kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ yà.