Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Ẹgbẹ́ tó ń fowó ran ọmọ aláìní lọ́wọ́ ní sùkúù

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ kú déédé ìgbà yìí o. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú tó ń ran ọmọ sùkúù lọ́wọ́ pọ̀ ju ti onílé àti ayálégbé lọ, n'Ìbàdàn yìí náà o, ẹni tó bá ti ń ka ojú ìwé yìí tipẹ́ á mọ̀ pé nǹkan ńlá nìyẹn. Mo gé àwọn tó gùn jù kúrú, mo sì yọ orúkọ kúrò.

Ìbéèrè: Àwa tá a jọ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì la kóra wa jọ sórí WhatsApp tá à ń dáwó lóṣooṣù, a fẹ́ fi ran àwọn ọmọ tí òbí wọn ò ní lọ́wọ́. Bá a ṣe kéde ẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ dàrú. Mọ́gàjí fi orúkọ ránṣẹ́, pásítọ̀ fi ránṣẹ́, kánsẹ́lọ̀ fi ránṣẹ́, àwọn mẹ́ńbà wa náà ń kó ọmọ àbúrò wọn wá. Báwo la ṣe fẹ́ mọ ẹni tó nílò ẹ̀ lóòótọ́ tá ò fi ní di ọ̀tá gbogbo ayé? *Akọ̀wé ẹgbẹ́, Mọ́kọ́lá*

Ìdáhùn: Akọ̀wé wa, ẹ kú wàhálà. Ohun tó dá ìjà yìí sílẹ̀ ò ju pé ẹ kéde owó kẹ́ ẹ tó kọ ìlànà sílẹ̀, ẹni tó bá sì gbọ́ pé owó wà níbì kan á mú ọmọ tó mọ̀ wá, mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ wọn níbẹ̀. Ẹ má fa orúkọ kankan ya. Ẹ kàn ránṣẹ́ sí gbogbo wọn pé fọ́ọ̀mù ń bọ̀, ojú kan náà lẹ máa fi wo gbogbo ọmọ, èyí tí Mọ́gàjí mú wá àtèyí tí ìyá ẹ̀ ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí ò mọ ẹnì kankan. Tó bá wá kan Bàbá Mọ́gàjí, ẹ lọ bá wọn nílé, kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀ kẹ́ ẹ ṣàlàyé, torí àwọn àgbà wa n'Ìbàdàn kì í fi bẹ́ẹ̀ bínú sí ẹni tó wá bá wọn sọ ọ́ lójúkojú, ẹni tó fi WhatsApp dá wọn lóhùn ni wọ́n máa ń bínú sí.

Ìlànà yẹn ò ní ju ojú ewé kan lọ. Kíláàsì wo lẹ fẹ́ mú, irú sùkúù wo, kí lowó yín máa san, kí ni ò ní san, ọdún mélòó lẹ máa fi bá ọmọ kan rìn. Ẹ fi ti ẹbí mẹ́ńbà sí i. Èmi o, mi ò ní jẹ́ kí ọmọ alága àti ọmọ akápò fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù rárá, ìyẹn ò ní ẹjọ́ nínú. Ọmọ àbúrò mẹ́ńbà lásán lè gbà á, ṣebí aláìní wà nínú ẹbí gbogbo wa, àmọ́ tí wọ́n bá ti dórí fọ́ọ̀mù ọmọ yẹn, kí mẹ́ńbà náà bọ́ síta, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé ó bọ́ síta.

Lẹ́yìn fọ́ọ̀mù, ẹ lọ sílé wọn. Èèyàn méjì ni kó lọ, kí ọ̀kan nínú wọn má ṣe jẹ́ ará àdúgbò yẹn. Ẹ má débẹ̀ kẹ́ ẹ máa bi ìyá ọmọ pé ṣé ẹ ò lówó ni, ta ló máa dáhùn ìyẹn tójú ò ní tì? Ẹ bi wọ́n pé ta ló san owó ilé tó kọjá, kí lọmọ jẹ láàárọ̀ kó tó jáde, ìgbà wo ló pa sùkúù jẹ gbẹ̀yìn, kí ló fà á. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn lèmi fẹ́ràn jù torí òun ló máa ń tú gbogbo ẹ̀ síta, ẹ máa gbọ́ pé ọmọ kọ́kọ́ ń bá ìyá ẹ̀ gbé ata lọ sí Bódìjà kó tó lọ sí kíláàsì, tàbí pé yunifọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni òun àti àbúrò ẹ̀ ń pín wọ̀, ẹni tó bá fẹ́ parọ́ kì í rántí múra irú èyí sílẹ̀. Ẹ bi tíṣà kíláàsì náà, kì í ṣe ọ̀gá sùkúù nìkan. Tíṣà ló mọ ọmọ tó ń yá bírò lójoojúmọ́, tó ń jókòó sínú kíláàsì tí wọ́n bá ti lu aago oúnjẹ. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí tíṣà nìkan yàn fún yín, tíṣà náà lọ́mọ tó fẹ́ràn.

Ọ̀rọ̀ iye ọmọ ló wá kù, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ púpọ̀ ń fẹsẹ̀ kọ. JSS1 sí SS3, ọdún 6 ni. Ẹgbẹ́ tó bá fi ìdùnnú mú ọmọ 20 lọ́dún àkọ́kọ́, tí àwọn tó ń dáwó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ lórí WhatsApp lọ́dún kejì (wọ́n máa dákẹ́ o, kẹ́nikẹ́ni má tàn yín), àárín ọ̀nà lẹ máa já àwọn ọmọ yẹn sí, ìyá wọn sì ti gbára lé yín débi pé kò dá àjọ tó fi ń ra ìwé fún wọn mọ́. Ọmọ tẹ́ ẹ já sílẹ̀ ní SS2 bàjẹ́ ju ọmọ tẹ́ ẹ ò mú rárá lọ. Ẹ mú 4 tàbí 5 tẹ́ ẹ mọ̀ pé tí ìdajì yín bá sá lọ, ìdajì tó kù á gbé e dópin. SS3 ló wúwo jù, WAEC, NECO àti JAMB ló ń já luni lọ́dún kan náà, owó ọdún yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó ra bàtà kankan.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa kan tó wà nílẹ̀ òkèèrè tó máa ń fi owó tó jọjú ránṣẹ́ sọ pé ọ̀fẹ́ ni sùkúù n'Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, pé kí là ń gba owó fún. Mi ò mọ èsì tí mo lè fọ̀. *Akápò, Òkè-Àdó*

Ìdáhùn: Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ, ìdajì ẹ̀ ló kàn sọ. January 17, 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Western Region, n'Ìbàdàn níbí náà ni ìjọba yẹn fi ṣe olú ìlú. Nígbà tí Bọ́lá Ìgè di gómìnà Ọ̀yọ́ lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú UPN ní 1979, ó kan sẹ́kọ́ńdìrì náà. Lọ́jọ́ tí Ṣèyí Mákindé gbàjọba ní May 2019 ló fagi lé 3,000 náírà tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ sùkúù ìjọba. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mọ̀ pé ẹ mọ gbogbo èyí, wọ́n máa fọkàn tán yín sí i.

Kẹ́ ẹ wá bi wọ́n pé ta ló ń ra yunifọ́ọ̀mù, ta ló ń ra sàńdà, nóòtù, ìwé kíkà, ta ló ń san owó lẹ́sìnnì. Owó ọkọ̀ wá ni ọ̀gá gbogbo wọn. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, ọmọ tó ń wọ ọkọ̀ Micra méjì láti Olódó kó tó dé sùkúù, owó tí ìyá ẹ̀ fi ń rán an lọ lè ju èrè tó ń jẹ lórí ọjà tó ń tà láàárọ̀ yẹn. Àwọn ọmọbìnrin tún ní ti páàdì, tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé ọkùnrin ló kún inú ẹ̀ kì í rántí, ọmọ tí ò sì ní i máa ń jókòó sílé lóṣooṣù, wọ́n á ní ara ẹ̀ ò yá.

Ní ti bẹ́ ẹ ṣe máa ná an, èyí tẹ́ ẹ bá lè san tààrà fún sùkúù tàbí ilé iṣẹ́ tó ń gba owó ìdánwò, ẹ san án tààrà kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Ìwé, ẹ rà á ní dọ́sìnnì. Bàtà, ẹ mú ọmọ dání lọ sọ́jà jàre, ẹ má fi ojú wọn ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Owó ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀ lóṣooṣù, ẹ má kó ti táàmù fún un lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe torí pé olè ni o, torí pé tí àbúrò ọmọ náà bá ṣàìsàn lọ́ṣẹ̀ kejì, owó tó wà nílẹ̀ ni wọ́n máa fi ra oògùn, èmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni kí ẹgbẹ́ kékeré bíi tiwa forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀? Inú akáǹtì èmi fúnra mi lowó wà báyìí, gbogbo ayé sì fọkàn tán mi. *Alága, Agbowó*

Ìdáhùn: Alága, kí Ọlọ́run pa yín mọ́ fún wa, àmọ́ tí nǹkan bá ṣe yín lónìí, ogún lowó yẹn máa dà, báǹkì ò mọ ẹgbẹ́ kankan, ẹ̀yin ni wọ́n mọ̀, àwọn ọmọ yín ni wọ́n máa mọ̀ tẹ̀lé yín. Ìfọkàntán ò ní nǹkan kan án ṣe sí i.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ọ̀rẹ́ nìkan lẹ ń dáwó láàárín ara yín, ẹ lè máa bá a lọ ná, kẹ́ ẹ máa san án lọ sí sùkúù bó ṣe ń wọlé kó má kóra jọ. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti ń gbowó lọ́wọ́ ará ìta, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀. Part F nínú CAMA 2020, òfin tó wà fún ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, ló sọ ọ̀rọ̀ yín, Incorporated Trustees ni wọ́n ń pè é. Trustee (ẹni tí wọ́n fi ẹgbẹ́ sí níkàáwọ́) méjì ó kéré tán, ìwé òfin ẹgbẹ́, kẹ́ ẹ sì polówó ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì tí wọ́n ń kà lágbègbè yín, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ èyí tó kárí orílẹ̀-èdè (ìlú tí Tribune wà láti 1949, ìyẹn ò yẹ kó le), kẹ́ ẹ wá fún aráyé ní ọjọ́ 28 kí ẹni tó bá ní àtakò sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá wá dé báǹkì, wọ́n máa bèèrè ìwé SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń rí sí ọ̀rọ̀ fífọ owó ìdọ̀tí, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, gbogbo ẹgbẹ́ aláàánú ni wọ́n ń bi. Akáǹtì yẹn, èèyàn méjì ni kó máa fọwọ́ sí i. Lọ́dọọdún, láàárín June 30 sí December 31, ẹ gbọ́dọ̀ fi ìròyìn ọdún yín ránṣẹ́ sí CAC, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń sùn lọ.

Ìbéèrè: Mo wà lára àwọn tí àjọ kan ń san owó fún. Lọ́dọọdún wọ́n á ní ká to ara wa síwájú, ká di páálí gbàǹgbà tí wọ́n kọ iye owó sí mú, wọ́n á gbé e sí Facebook. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Ṣé mo lè sọ pé mi ò fẹ́, àbí wọ́n máa gba owó wọn? *Akẹ́kọ̀ọ́, Apẹtẹ*

Ìdáhùn: O lè sọ ọ́, ọmọ mi, òfin sì wà lẹ́yìn ẹ. Òfin ìdáàbòbò dátà tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní 2023 ka àwòrán ẹ mọ́ dátà ara ẹ, tó ò bá tíì pé ọdún 18 àfi kí òbí ẹ gbà, kódà ẹni tó ti gbà tẹ́lẹ̀ lè yí ọ̀rọ̀ padà. Mú àgbà kan dání, kọ lẹ́tà kékeré, kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kó o wá sọ pé o máa kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ fún wọn lọ́dọọdún, o sì máa fi ìwé èsì ìdánwò ẹ hàn wọ́n, àmọ́ kí wọ́n jọ̀ọ́ má gbé ojú ẹ síta mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú ẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ ó ní àwọn tó ń fún yín lówó fẹ́ rí nǹkan. Ẹ fi rìsíìtì sùkúù hàn wọ́n kẹ́ ẹ bo orúkọ, ẹ sọ iye ọmọ tó wọlé, iye tó ṣe WAEC, iye tó wọ yunifásítì tàbí pólì. Kéèyàn fún ọmọ lóúnjẹ kó tún ní kó gbé abọ́ ẹ̀ yípo ọjà kí gbogbo ayé lè mọ ẹni tó fún un, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pe ìyẹn, kì í ṣe àánú.

Ìbéèrè: Ṣé àwa tá à ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ lè yọ owó ọkọ̀ nínú owó ẹgbẹ́? *Mẹ́ńbà, Àgùgù*

Ìdáhùn: Ẹ lè yọ ọ́. CAMA ò gbà kí àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ gba owó oṣù níbẹ̀, àmọ́ owó tẹ́ ẹ ná lápò ara yín nítorí iṣẹ́ ẹgbẹ́, wọ́n lè dá a padà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ná an, kẹ́lòmíì sì fọwọ́ sí i. Àwọn tó ní àwọn ò ní gba kọ́bọ̀ láéláé ni mo sábà máa ń rí tí wọn kì í wá sípàdé mọ́ tó bá di oṣù kẹfà.

Ìbéèrè: Ọmọ kan tá à ń ràn lọ́wọ́ ti wọ UI, ó sì fẹ́ gba owó NELFUND. Ṣé ká wá yọ ọ́ kúrò? *Akọ̀wé, Ìwó Road*

Ìdáhùn: Ẹ má tíì yọ ọ́. NELFUND, ètò owó ìjọba àpapọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2024 yẹn, yíyá ni wọ́n ń yá a, wọ́n ò fi ta á lọ́rẹ, lóòótọ́ kò lélé lórí, ọdún méjì lẹ́yìn tó bá sìnrú ìlú tán ni wọ́n sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á padà. Owó sùkúù, wọ́n ń san án tààrà fún ilé ìwé, wọ́n tún máa ń fún ọmọ ní owó ìtọ́jú lóṣooṣù tó bá béèrè fún un. Ohun tó sábà máa ń dí ọmọ lọ́wọ́ ni pé owó ìgbàwọlé àti ilé tó máa gbé kì í dúró dé owó ìjọba, ẹ̀yin lẹ máa wúlò níbẹ̀. Ẹ jókòó pẹ̀lú ẹ̀, kẹ́ ẹ bi í lóhun tí NELFUND máa san àtohun tí ò ní san, kẹ́ ẹ fi owó yín sí èyí tó kù, kó sì múra NIN, BVN àti nọ́ńbà JAMB ẹ̀ sílẹ̀ torí gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa bi í nígbà tó bá ń kọ fọ́ọ̀mù. Ọmọ tó bá wọ yunifásítì aládàáni ni ò sí nínú ètò NELFUND rárá, irú wọn, ẹ ronú dáadáa kẹ́ ẹ tó ṣèlérí kankan.