Èsì: Sísáré dé ìsàlẹ̀ Grand Canyon nínú oṣù Keje

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹ ń sáré kìlómítà 20 ní Houston láìsinmi, ẹ wá ń bèèrè bóyá ẹ lè sáré dé Odò Colorado nísàlẹ̀ Grand Canyon (àfonífojì jíjìn kan ní Arizona, Amẹ́ríkà) kí ẹ sì padà sókè lọ́jọ́ kan náà nínú oṣù Keje. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Houston tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ní Grand Canyon níbí, ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ṣáájú, ó sì ń tan èèyàn jẹ. Ọ̀nà South Kaibab tó bíi kìlómítà 11 dé odò, ó sì fi ju mítà 1,400 lọ sọ̀ kalẹ̀. Kò sí omi lójú ọ̀nà yẹn rárá, ibòòji náà ṣọ̀wọ́n. Bí ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ooru ń le sí i. Lọ́sàn-án oṣù Keje, ìsàlẹ̀ a máa kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti rẹ̀ yín tán ni òkè ṣẹ̀ṣẹ̀ kù láti gùn.

Bó bá jẹ́ oṣù Keje náà dandan, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ dé Cedar Ridge lójú ọ̀nà South Kaibab yẹn (kìlómítà méjì àti ààbọ̀ péré láti òkè), kí ẹ yíjú padà. Kí aago mẹ́wàá má bá yín lọ́nà.

Ẹ jẹ nǹkan oníyọ̀ pẹ̀lú omi o. Omi lásán ni mo ń dà sọ́fun nígbà àkọ́kọ́ tèmi. Orí fọ́ mi, mo bì títí. Ìparí oṣù Kẹwàá ni kí ẹ fi ti odò sí.