Kí ni Markaz Agége, kí ló sì ṣe fún àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá?

Markaz ni ilé-kéwú ńlá tí Sheikh Adam Abdullah al-Ilori dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952. Ní 1955 ló gbé e wá sí Agége, ibẹ̀ náà ló sì wà títí dòní. Ṣáájú ìgbà náà, orí ẹní ni ọ̀pọ̀ ọmọ kéwú ń jókòó sí yí ààfáà ká, kálukú pẹ̀lú wàláà rẹ̀, kò sí kíláàsì, kò sí ìdánwò. Sheikh kó bẹ́ńṣì àti pátákó ìkọ̀wé wọlé, ó pín ẹ̀kọ́ sí kíláàsì, ó sì ń fún àwọn tó parí ní sàtífíkéètì. Inú àwọn àgbà ààfáà kan ò dùn sí i o!

Ní tèmi, àwọn tó jáde níbẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn padà sílùú wọn lọ dá ilé-kéwú tiwọn sílẹ̀, àwọn mìíràn di lémọ́mù àti oníwàásù. Àwọn ni wọ́n ń so yìgì, tí wọ́n ń kírun sí òkú lára, tí wọ́n sì ń ṣe tàfúsírù, ìyẹn ìtumọ̀ Kùránì, nínú Ràmàdáànì. Ilé-kéwú náà tún ní ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé Lárúbáwá. Sheikh kú ní 1992.