Ṣé mùsùlùmí lè jẹ oúnjẹ Faransé níbi àjọ̀dún ojú títì?

Ìbéèrè: Ààfáà, àsàlámù àlékùn. New York ni mo ń gbé. Tó bá di oṣù Keje, àwọn Faransé máa ń pàtẹ oúnjẹ wọn sójú títì ní Manhattan fún àjọ̀dún ọjọ́ 14 oṣù náà. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa ra crêpe oníṣokoléètì (ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n dín pẹlẹbẹ) fún mi níbẹ̀. Mo ti jẹ ẹ́ dé ìdajì kí n tó rí i pé orí páànù kan náà ni wọ́n ti ń yan ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni pé ìrun mi ò ní gbà fún 40 ọjọ́? Ṣé kí n má lọ síbẹ̀ mọ́ ni?

Ìdáhùn: Wa àlékùmù sàlámù, arábìnrin mi. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọlọ́hun sọ nínú Súrà Al-Ahzab, áyà 5, pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ fún wa nínú ohun tí a bá ṣàṣìṣe rẹ̀, àfi èyí tí ọkàn wa bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ 40 ọjọ́ yẹn, ọlọ́tí ni hadíìsì rẹ̀ ń bá wí. (Ọlọ́tí pàápàá kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ pa ìrun tì.) Ẹ yọ ẹnu yín, ẹ máa kírun yín lọ.

Ẹ lè lọ síbẹ̀. Ọjọ́ náà kì í ṣe ọdún ẹ̀sìn. Gbígbà tí àwọn ará Paris gba ọgbà ẹ̀wọ̀n Bastille lọ́dún 1789 ni wọ́n ń rántí. Oúnjẹ kì í sì í di èèwọ̀ torí pé Faransé ló sè é. Kí ẹ tó tò sórí ìlà, ẹ kọ́kọ́ dúró wo ọwọ́ aládìídín náà. Bí igi pẹlẹbẹ tó fi ń yí crêpe bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, tó tún fẹ́ kì í bọ abẹ́ tiyín, ẹ má gbà á. Ìsọ̀ tó jẹ́ oníṣúgà nìkan ni wọ́n ń dín ni kí ẹ wá lọ.

Ọtí ló ń bà mí lẹ́rù jù fún yín, torí ó máa ń fara pamọ́. Adìẹ ni coq au vin lójú, inú wáìnì ni wọ́n ti sè é. Bœuf bourguignon, ìyẹn ọbẹ̀ ẹran màlúù wọn náà, wáìnì pupa ni omi ọbẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan á ní iná ti gbẹ ọtí inú rẹ̀. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí Ọlọ́hun pè ní ẹ̀gbin nínú Súrà Al-Maidah, áyà 90, ṣé ìkòkò oúnjẹ wa ló yẹ ká dà á sí? Bí wọ́n bá sì ń gbé ife ọtí kiri lórí tábìlì tí ẹ jókòó sí, ẹ gbé àwo yín kúrò níbẹ̀. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ fún wa.

Ìgbín wọn ńkọ́? Wọ́n bi Ìmáàmù Málíkì, tí àwa ń tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀, nípa ìgbín, ó ní bí eéṣú ló rí: èyí tí a mú láàyè, tí a sè tàbí tí a sun, kò sí aburú níbẹ̀, èyí tó ti kú ká tó rí i ni a kì í jẹ. Bọ́tà, áyù àti ewé ni àwọn Faransé ń kì sínú ìkarahun rẹ̀. Àwọn alásè míì máa ń ta wáìnì funfun sí i, nítorí náà ẹ bi wọ́n kí ẹ tó sanwó.