Ilé-ìwé Mùsùlùmí fún ọmọbìnrin ní Ìlú Ọba: kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékúmù. Ọmọ Ìwó ni mí, London la ń gbé. Ọmọbìnrin mi yóò wọ sẹ́kọ́ńdìrì lọ́dún tó ń bọ̀, bàbá rẹ̀ sì fẹ́ kó lọ sí ilé-ìwé Mùsùlùmí tó jẹ́ ti obìnrin nìkan. Ẹ̀rù owó ń bà mí, mi ò sì fẹ́ kí ìwé rẹ̀ fà sẹ́yìn. Kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ìdáhùn: Wàlékúmù sàlámù, ìyá wa. Ẹ jẹ́ ká ti orí owó bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn tó ń gba owó ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n láti 1998 tí ìjọba ti ń náwó sí Islamia Primary ní Brent, àwọn míì ti wà tí òbí kì í san kọ́bọ̀ sí. Feversham ní Bradford di ara wọn ní 2001, Tauheedul ní Blackburn sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà. Ti obìnrin ni méjèèjì. Ní London níbí, Eden Girls' School wà ní Waltham Forest. Tó bá jẹ́ ti aládàáni lẹ fẹ́, ẹ rántí pé ìjọba ti fi VAT 20% lé owó ilé-ìwé láti oṣù kìíní 2025. Iye tí wọ́n bá pè, ẹ bi wọ́n bóyá VAT ti wà nínú rẹ̀.

Fún ti ìjọba, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ lọ lórí yín. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ni káńsù ń ti ìforúkọsílẹ̀. Ọjọ́ 1 oṣù kẹta lèsì ń jáde. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ẹlẹ́sìn tún ní fọ́ọ̀mù tiwọn lọ́tọ̀, tí lémọ̀mù yín lè ní láti fọwọ́ sí. Mo mọ ìyá kan tó kọ ti káńsù tán, tó gbàgbé fọ́ọ̀mù kejì yìí. Wọ́n to ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí rárá. Ó dùn mí títí dòní, nítorí fọ́ọ̀mù náà kò ju ojú ìwé kan lọ. Tí ọmọ bá sì pọ̀ ju àyè lọ, bí ilé yín ṣe jìnnà sí ilé-ìwé sábà máa ń wà lára ohun tí wọ́n ń wò.

Ní ti ìwé, ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ dúró sí. Kéwú kò dí ìwé lọ́wọ́: ní 2017, Tauheedul ló gba ipò kìíní ní gbogbo England nínú Progress 8, ìṣirò tó ń wo ibi tọ́mọ dé láti ìgbà tó ti kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ilé-ìwé aládàáni kékeré, tí ọmọ inú rẹ̀ kò tó ọgọ́rùn-ún, lè má ní olùkọ́ fíṣíìsì, ó lè má ní yàrá sáyẹ́ǹsì tó pé. Hijab tó mọ́ tónítóní lẹ́nu géètì kò ní sọ ìyẹn fún yín. Ẹ bi ọ̀gá ilé-ìwé: iṣẹ́ mélòó lọmọ lè ṣe ní GCSE, ìdánwò tí wọ́n ń ṣe ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún? Ṣé ẹ ń kọ́ wọn ní báọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti fíṣíìsì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀? Àwọn tó jáde lọ́dún tó kọjá, ibo ni wọ́n wà báyìí? Ọ̀gá tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè kẹta yìí, èmi ò ní fi ọmọ mi sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ ka ìròyìn àwọn alábẹ̀wò Ofsted pẹ̀lú. Ibi tó bá ń kọ́ ọmọ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ látàárọ̀ dọ̀sán láìforúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ó ti rú òfin. Ẹ má débẹ̀.

Bí àyè kò bá wá sí, ilé-kéwú òpin ọ̀sẹ̀ ṣì wà, àwọn ará ilé wa náà sì ní mọ́ṣáláṣí tiwọn ní Old Kent Road. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí ilé-ìwé sílẹ̀ fún òbí, ẹ mú ọmọ náà dání, kẹ́ ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ bi àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe.